Mo Sanwó Láti Gbọ́ Ọwọ́ Ara Mi

Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Àwọn tó mọ̀ mí á ní n kì í bínú, torí pé mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò kan ti inú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti lé ní oṣù kan báyìí, síbẹ̀ bí mo ṣe jókòó láti kọ ọ́, etí mi ti gbóná.

Iṣẹ́ dùùrù ni mò ń ṣe. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní dùùrù nílé wọn, láti ilé kan sí òmíràn, báàgì ìwé orin léjìká. Mo mọ ilé tí dùùrù wọn ti yadi lápá òsì. Mo mọ ìyá tó máa gbé omi tíì kaná tí mo bá dé, mo sì mọ èyí tó máa gbójú sókè wo aago. Wákàtí-wákàtí ni wọ́n ń sanwó fún mi, wákàtí tí mi ò bá sì kọ́ ọmọ, kò sẹ́ni tó ń san án. Òun ni mo fi ń san owó ilé, òun ni mo fi ń ra bàtà tí mo fi ń rìn lọ sílé wọn. Mi ò ní iṣẹ́ mìíràn, mi ò sì wá òmíràn.

Ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ni n kì í kọ́ ọmọ, torí ẹgbẹ́ eré. Àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ló para pọ̀ dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀: nọ́ọ̀sì, akọ̀wé báńkì, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, obìnrin kan tó ń ta bàtà. Tí wọ́n bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, wọ́n á wá sí gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé, wọ́n á kó àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á máa ṣeré. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á gbé eré olórin kan jáde, àwọn aráàlú á ra tíkẹ́ẹ̀tì wá wò ó. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni olùdarí. Dókítà eyín ni, Dókítà sì ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló máa ń ṣe olú òṣèré. Ohùn rẹ̀ dára, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ló ń tẹ dùùrù. Ọdún mẹ́sàn-án rèé.

"Ìyàwó kékeré" ni Dókítà ń pè mí, bí àwọn ọkọ ẹ̀gbọ́n ti máa ń ṣe. Tí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn báyìí, á ké pé, "Ìyàwó kékeré dé, eré lè bẹ̀rẹ̀ wàyí!" Gbogbo wọn á pàtẹ́wọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ àtẹ́wọ́ yìí, kò yó mi rí.

Eré ọdún yìí dá lórí opó kan tó ní ilé àlejò létí omi, tí ọkùnrin mẹ́ta ń du láti fẹ́. Orin mọ́kàndínlógún ló wà nínú ẹ̀. Mọ́kàndínlógún! Ìdánrawò ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ di mẹ́ta, mẹ́ta di mẹ́rin. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá fi kún un, ẹ̀kọ́ ọmọ kan ni mò ń yẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà lọ́wọ́ mi tó ń múra ìdánwò, ọwọ́ rẹ̀ já fáfá, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Mo yẹ tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù kan. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ìyá rẹ̀ pè mí, ohùn rẹ̀ tutù: "Tíṣà, ẹ má bínú o. A ti rí ẹlòmíràn tó ráyè." Mi ò lè bá a jà, òótọ́ ló sọ. Mo jókòó sórí ibùsùn mi, mo ń ro àwọn ọmọ tó ti bọ́ lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo ro ó dé orí ẹni kẹfà, mi ò kà á mọ́.

Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni ìpàdé ẹgbẹ́. A jókòó yíká nínú gbọ̀ngàn, tíì wà nínú ife pépà lọ́wọ́ oníkálukú. Dókítà ní ọkùnrin oníná, ìyẹn ẹni tó ń tan iná orí ìtàgé fún wa, ti fi nǹkan lé owó rẹ̀. Wọ́n ní kò burú, a ò lè ṣeré nínú òkùnkùn. Ó ní wíìgì tí a fẹ́ yá wọ́n ju ti èṣí lọ. Wọ́n ní ó di dandan, ṣé opó lè máa wọ irun èṣí ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo nawọ́.

"Àwa tí à ń lu ohun èlò ńkọ́?"

"Kí ló ṣe yín?" Dókítà bi mí.

"Ìgbà wo lẹ máa sanwó fún wa?"

Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí mi, ó ń fojú sọ̀rọ̀, irú èyí tó máa ń fi bá mi wí ní kékeré tí àlejò bá wà nílé.

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó kékeré, ìfẹ́ ló kó gbogbo wa jọ síbí. Ta ló ń gbowó? Èmi olùdarí, ṣé mò ń gbowó ni? Àwọn òṣèré ńkọ́?"

"Oníná ń gbowó."

"Oníná? Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn."

Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Oníná, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọkùnrin yìí ti ń rí mi tí mò ń gbé báàgì ìwé wọlé láti ilé ọlọ́mọ, tí bàtà mi ti bo eruku, kò sì tíì wá sí i lọ́kàn pé ẹnu iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀, iṣẹ́ kan náà ni mo sì tún jókòó tì. Òṣìṣẹ́ ń bẹ lóòrùn, ẹni máa jẹ ẹ́ ń bẹ níbòòji.

Mo ní, "Dókítà, ṣé ẹ fẹ́ràn eyín?"

"Eyín bíi ti báwo?"

"Iṣẹ́ yín ni mò ń bi yín. Ṣé ẹ fẹ́ràn ẹ̀?"

"Mo fẹ́ràn ẹ̀ dáadáa."

"Eyín tẹ́ ẹ bá mi yọ léṣìí, ẹ gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Ẹni méjì bú sẹ́rìn-ín kí wọ́n tó rántí pé kò yẹ. Ojú Dókítà yí padà. Ó ní, "Mo dín in kù fún ẹ."

"Ẹ dín in kù, ẹ ṣé. Èmi náà á dín tèmi kù. Àmọ́ ohun tí kò sí ńlẹ̀, báwo lèèyàn ṣe ń dín in?"

Obìnrin tó ń ta bàtà dá sí i. Ó ní àwọn náà ń fi àsìkò àwọn sílẹ̀, àwọn ò gbowó. Mo ní òótọ́ ni. Àmọ́ tí òun bá ti ti ṣọ́ọ̀bù bàtà wá síbí, ìgbádùn ló wá ṣe. Èmi, ẹnu iṣẹ́ ni mo ti wá, ẹnu iṣẹ́ náà ni mo tún wá. "Tá a bá ní kẹ́ ẹ máa kó bàtà fún gbogbo wa lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún, torí pé ẹ fẹ́ràn bàtà, ṣé ẹ máa kó o wá?" Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ẹni tí mo rò pé ó máa kín mi lẹ́yìn ni Bàbá Fèrè. Àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni, òun ló ń fun fèrè fún ẹgbẹ́. Àwa méjì péré ni olórin, àwọn yòókù, òṣèré ni. Bàbá tún ọ̀fun ṣe, ó ní, "Ní tèmi o, ìfẹ́ ni mo fi ń fun fèrè mi. Owó á ba adùn ẹ̀ jẹ́." Owó ìfẹ̀yìntì ń wọlé fún un lóṣooṣù, ilé tó ń gbé, tiẹ̀ ni, ó wá ń sọ̀rọ̀ adùn fún mi! Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Àwọn bíi tiẹ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n máa rò pé orin kàn ń jáde lára èèyàn bí òógùn ni.

Dókítà ní kí a dìbò. Ó ní kí ẹni tó bá gbà pé kí ẹgbẹ́ má sanwó fún olórin nawọ́ sókè.

Ọwọ́ tó kọ́kọ́ lọ sókè, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò tilẹ̀ rò ó wò. "Àbúrò mi ni," ó ń sọ fún wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí ẹni ń bá mi tọrọ àforíjì. "Ẹ má dá a lóhùn. Kò sọ́rọ̀ owó láàárín èmi àti ẹ̀."

Àwọn ọwọ́ yòókù tẹ̀ lé tiẹ̀. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ló ṣíwájú, mi ò bá gbé e mì, mo ti gbé púpọ̀ mì nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ti ẹ̀gbọ́n mi há mi lọ́fun. Mo ká ìwé orin mi jọ, mo ní, "Ó dáa. Ẹ lọ wá onídùùrù tó nífẹ̀ẹ́ yín." Mo jáde. Mo dúró díẹ̀ lẹ́bàá ògiri níta, mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi á tẹ̀ lé mi. Ohun tí mo gbọ́ látojú fèrèsé ni pé wọ́n ti padà sórí ọ̀rọ̀ wíìgì.

Lọ́jọ́ kẹta, ó pè mí lórí fóònù.

"Ṣé inú ẹ ti rọ̀?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kò burú. Má ṣèyọnu mọ́, a ti rí ọgbọ́n ta sí i, a ò ní dà ẹ́ láàmú." Ohùn rẹ̀ ń dùn, bíi pé ẹrù ló sọ̀ fún mi. "Ṣó o rántí àwọn orin tó o tẹ̀ sínú fóònù Dókítà?"

Mo rántí. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, Dókítà ní kí n wá sílé àwọn lọ́jọ́ ìsinmi, kí n tẹ gbogbo orin eré náà láti orí dé ìdí, kí àwọn elégbè lè máa fi kọ́ ọ nílé. Mo jókòó sí dùùrù pálọ̀ wọn láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀. Kò sí akọrin kankan níbẹ̀, èmi àti fóònù tí wọ́n gbé ti ìwé ni.

"Òun la máa lò," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Oníná ní òun á so ó mọ́ sípíkà. A tiẹ̀ ti fi dánrawò ní pálọ̀ wa lánàá. Gbogbo wa jókòó, a kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó dùn! Ìwọ náà lo ṣì ń tẹ dùùrù, o ò sì ní wá ṣe wàhálà kankan. Ṣó o rí i pé kò síjà?"

"Ẹ jókòó kọ ọ́?"

"Orí àga wa la wà. Ó rọrùn gan-an."

"Ẹ ò gun àkàsọ̀ orí ìtàgé?"

"Àkàsọ̀ wo ló wà ní pálọ̀?"

Ó dé ẹnu mi kí n sọ fún un. Ẹ gbà mí gbọ́, ó dé orí ahọ́n. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ tó nà sókè ni mò ń rí. Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," mo pa fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún un. Orin tí wọ́n kọ sínú ìwé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹni tó ń kọrin lórí ìtàgé ń rìn, ó ń gun àkàsọ̀, aṣọ ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó ń gbàgbé ọ̀rọ̀. Onídùùrù tó mọṣẹ́ á tẹjú mọ́ ọn. Tí kò bá tíì múra tán, onídùùrù á máa yí ìlà orin kékeré kan po, á máa tún un tẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹrin, títí á fi rí i pé akọrin ti fa èémí sínú, nígbà náà ló máa jẹ́ kí orin tẹ̀ síwájú. Àwọn òǹwòran ò ní mọ̀. Tó bá ṣe é dáadáa, akọrin fúnra rẹ̀ ò ní mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì wọ orin lásìkò rí láyé ẹ̀. Ohùn wà, mo ti sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò lè ka ìlù. Ó máa ń pẹ́, ìgbà mìíràn á yá jù, ẹsẹ kejì orin kì í sì í dúró nínú orí ẹ̀. Tó bá ti gbàgbé, mo máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ ohùn ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ṣáájú, á sì rántí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é. Òun rò pé òun mọ̀ ọ́n kọ ni.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí eré wáyé, agogo mẹ́ta ọ̀sán, mo lọ. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo san iye tí gbogbo ayé san. Obìnrin oníbàtà ló jókòó sídìí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, ó ya tíkẹ́ẹ̀tì fún mi láìgbójú sókè. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: mo sanwó láti gbọ́ ọwọ́ ara mi.

Wọ́n ti ti dùùrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n da aṣọ bò ó, wọ́n gbé ìkòkò òdòdó lé e lórí. Mo jókòó sí ìlà kẹrin. Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi? Bàbá Fèrè. Ó wọ kóòtù dúdú tó máa ń wọ̀ fún eré, àpótí fèrè wà láàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe níbí? Ṣebí orí ìtàgé ló yẹ kẹ́ ẹ wà?"

"Wọ́n ní fóònù ti tó." Kò wò mí. "Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti sọ fún mi báyìí."

"Adùn ẹ̀ ńkọ́?"

Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ ságbà. Mo sọ ọ́. Ó kàn ń fọwọ́ pa àpótí rẹ̀ ni.

Eré bẹ̀rẹ̀. Iná náà dára, mi ò ní bú oníná, owó tó gbà tọ́ sí i. Dùùrù mi dún jáde látinú sípíkà, ó mọ́ tónítóní. Orin àkọ́kọ́ lọ dáadáa, torí pé ojú kan ni àwọn elégbè dúró sí. Ìkejì náà ò burú. Ìkẹta ni orin opó. Ẹ̀gbọ́n mi ní láti gbé fìtílà, kó gun àkàsọ̀ márùn-ún lọ fi kọ́ sókè ilẹ̀kùn ilé àlejò, kó wá kọ ẹsẹ kejì níbẹ̀. Níbi ìdánrawò, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo máa ń yí ìlà po kó tó débẹ̀. Fóònù yí i lẹ́ẹ̀kan péré bó ṣe wà nínú ìwé, ó sì kọjá lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lórí àkàsọ̀ kejì. Ó gbọ́ pé orin ti ṣíwájú, ó fò mọ́ ọn, ó kọ ìlà kan tí dùùrù ti kọ kọjá. Ó sáré. Etí aṣọ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àwọn elégbè tẹ̀ lé fóònù, òun ń tẹ̀ lé ara ẹ̀, orin wá di méjì. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Nígbà tó dé òkè, ẹsẹ kejì ti fò lọ pátápátá. Ó yí orí sí ibi tí mo máa ń jókòó sí. Ìkòkò òdòdó ló rí.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pa ẹnu dé. Ó dúró lórí àkàsọ̀ pẹ̀lú fìtílà lọ́wọ́, mo sì gbọ́ bí mo ṣe ń tẹ orin náà lọ títí ó fi parí, dáadáa, láìṣìnà kankan, bí ẹni tí kò ní èèyàn láyé.

Ṣé inú mi dùn? Ó dùn fún ìṣẹ́jú kan. Mò ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Lẹ́yìn náà mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì di fìtílà mú, inú wá bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé ọwọ́ mi ni wọ́n fi dójú tì í, mi ò sì fún wọn ní ọwọ́ náà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà ìsinmi àárín eré, Dókítà wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. "Ìyàwó kékeré, jọ̀ọ́, dìde, wá." Mo dìde. Bàbá Fèrè náà dìde tẹ̀ lé mi, kò sẹ́ni tó pè é.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú dígí nínú yàrá ìmúra, wíìgì wà lórí itan rẹ̀. Òógùn ti la ojú ọ̀nà sínú àtíkè tó kùn.

"Kí lo ṣe sí orin yẹn?" ó bi mí. "Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ mú un yá ni?"

"Bó ṣe wà nínú ìwé ni mo tẹ̀ ẹ́."

"Irọ́ ni. Bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ kọ́ nìyẹn."

"Bẹ́ ẹ ṣe máa ń kọ ọ́ ò sí nínú ìwé, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo máa ń yí i po títí ẹ ó fi ṣe tán. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá gbàgbé, èmi ni mo máa ń fi ohùn rẹ̀ rán yín létí."

Ó wò mí. Mo rí i pé ó ń padà lọ sínú àwọn eré tá a ti ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wò wọ́n lákọ̀tun.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ, ṣé ẹ máa lè kọ ọ́?" Ohùn mi ti lọ sókè, mi ò bìkítà mọ́. "Iṣẹ́ mi nìyẹn! Kẹ́ ẹ má mọ̀ ni iṣẹ́ náà! Mo wá ṣe é dáadáa débi pé gbogbo yín rò pé n kì í ṣe nǹkan kan, ẹ wá nawọ́ sókè lé mi lórí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ nawọ́!"

Dókítà wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló kù. Jọ̀ọ́, lọ jókòó sí dùùrù, ìyàwó kékeré. A máa rí ẹ lẹ́yìn eré."

"Ẹ rí mi báyìí. Mo dúró níwájú yín."

"Èló lò ń bèèrè?"

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń retí ìbéèrè yẹn. "Iye tẹ́ ẹ san fún oníná. Kẹ́ ẹ san iye kan náà fún Bàbá."

Bàbá Fèrè ya ẹnu, ó fẹ́ sọ pé òun ò gbowó. Mo bojú wò ó. Ó pa ẹnu dé.

Dókítà fọwọ́ nu iwájú orí. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ, pẹ̀lú gbọ̀ngàn tó kún dẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tí ẹkún ń gbọ̀n lẹ́nu. Ó ní, "Ṣé kò lè gba ìdajì?"

Ó ń ná mi!

Ẹ̀gbọ́n mi gbé wíìgì sórí tábìlì. Ó bọ́ bàtà opó. Ó na ọwọ́ sábẹ́ àga, ó mú bàtà tiẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" Dókítà bi í.

"Mò ń lọ sílé."

"Sílé bíi ti báwo? Àwọn èèyàn ńkọ́?"

"Ṣebí ẹ ti sanwó iná? Ẹ tan án fún wọn, kí wọ́n máa wo iná."

Dókítà wo ìyàwó rẹ̀, ó wò mí, ó wo Bàbá. Ó ní ó dáa, òun gbà, gbogbo rẹ̀. Mo ní kó pe oníná wá kí ó sọ ọ́ níwájú rẹ̀, torí pé oníná mọ bí wọ́n ṣe ń gbowó lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ó pè é, ó sì sọ ọ́. Bàbá Fèrè ti ń ṣí àpótí rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo gbé ìkòkò òdòdó kúrò lórí dùùrù.

Mi ò ní máa pọ́n ara mi lórí bí apá kejì ṣe rí. Ó lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n dìde dúró. Dókítà di òdòdó lọ́wọ́ lórí ìtàgé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ayé, ó sì gbàgbé wa. Ìwà ò rọrùn láti fi sílẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí yàrá ìmúra láti mú báàgì mi, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kù níbẹ̀. Ó ń fi òwú nu àtíkè kúrò lójú. Mo kí i pé ẹ kúuṣẹ́, mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Kọ́ mi," ó wí.

"Kí ni?"

"Bí wọ́n ṣe ń ka ìlù. Mo fẹ́ máa wọ orin fúnra mi. Lónìí, gbogbo ìgbà tí mo bá ti fẹ́ kọrin, mo ń gbọ́ ọ tí ò ń dúró dè mí. Ó ń tì mí lójú."

Inú ṣì ń bí mi sí i. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú ṣì ń bí mi, mo sì fẹ́ fọwọ́ kàn án lẹ́jìká.

"Àyè ọmọ kan ṣófo lọ́wọ́ mi," mo wí. "Ọjọ́ Ajé, agogo márùn-ún. Mo lè máa wá sílé yín."

"Á dáa bẹ́ẹ̀."

"Wákàtí kan ni. Iye táwọn ọmọ yòókù ń san náà lẹ máa san."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí nínú dígí, ẹ̀rín náà sì ń kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ju òwú ọwọ́ rẹ̀ nù, ó fa báàgì rẹ̀ sórí itan, ó ṣí i.

"Ṣé oṣooṣù ni wọ́n ń san án ni," ó bi mí, "àbí ọjọ́ tó o bá wá?"